Alùpùpù Bàbá Alájì ní Kirkissoye: Bí A Ti Ń Wá Agbára Kún Ẹ́ńjìnnì Àtijọ́

Ẹni tí ó bá ti àárín ìlú Niamey gba orí Afárá Kennedy kọjá Odò Ọya, afárá tí a ṣí ní ọdún 1970, yóò bá ara rẹ̀ ní apá ọ̀tún odò ńlá náà, ní ìhà ibi tí Yunifásítì Abdou Moumouni wà. Bí ó bá yà sí ọwọ́ òsì, tí ó sì ń bá ìpadò lọ, kò ní pẹ́ tí yóò fi dé Kirkissoye, àdúgbò tí oko ìrẹsì tẹ́ lọ bẹẹrẹ lẹ́bàá omi. Ibẹ̀ ni a ti rí ohun tí a fẹ́ ròyìn rẹ̀ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìrẹsì, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ìṣèlú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìṣèlú fi ọwọ́ kàn án ní ibì kan. Ọ̀rọ̀ alùpùpù kan ṣoṣo ni.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan tí ń ṣòwò ní Niamey ni ó ni ín. Gbogbo àdúgbò ní ń pè é ní Alájì, àwa náà yóò sì máa pè é bẹ́ẹ̀. Bàbá rẹ̀ wà lára àwọn oníṣòwò wa tí wọ́n ti rékọjá Òkè Ọya láti ìgbà pípẹ́, tí wọ́n ń ta ọjà wẹ́wẹ́ láàrin àwọn Hausa àti àwọn Zarma. Òun ni ó ra alùpùpù náà ní tuntun, tí ó sì gbé e wá sí Niamey. Nígbà tí ó kú, ọmọ jogún ilé, ó jogún ìsọ̀, ó sì jogún alùpùpù. Ó sọ fún wa pé bí a bá ní kí òun fi ọ̀kan sílẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ilé ni òun yóò kọ́kọ́ fi sílẹ̀.

BSA Bantam ni alùpùpù náà, irú èyí tí a ń pè ní D1. Ilé iṣẹ́ BSA tí ó wà ní Small Heath, ní ìlú Birmingham, ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní ọdún 1948, wọn kò sì dáwọ́ irú rẹ̀ dúró títí di ọdún 1963. Ní Ìlú Ọba, àwọn ọmọkùnrin tí ń jíṣẹ́ tẹligíráàmù ni a mọ̀ mọ́ ọn jù lọ, tí wọ́n ń gùn ún kiri nínú ọ̀dà pupa ti ilé ìfìwéránṣẹ́. Sìlíńdà kan péré ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní. Inú sìlíńdà náà fẹ̀ ní mílímítà 52, písítìnì rẹ̀ sì ń rìn ní mílímítà 58 lókè sódò, èyí tí ó mú kí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 123 cc. Jíà mẹ́ta ni ó ní, agbára rẹ̀ kò sì ju ẹṣin mẹ́rin àti ààbọ̀ lọ. Bí ó ti kéré tó yìí, ẹrù tí irú alùpùpù bẹ́ẹ̀ ti gbé ní ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú kò ṣeé kà tán.

Ẹ jẹ́ kí a yà díẹ̀ lójú ọ̀nà. Àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ni ó kọ́kọ́ ro ẹ́ńjìnnì yìí. Ilé iṣẹ́ DKW ní ìlú Zschopau, ní ilẹ̀ Jámánì, ni ó gbé e jáde ní ọdún 1939 pẹ̀lú orúkọ RT 125. Nígbà tí Jámánì fìdí rẹmi nínú Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn tí ó ṣẹ́gun pín àwòrán ẹ̀rọ náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́ bí ẹni pín ìkógun. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ṣe Bantam, àwọn ará Amẹ́ríkà fi ṣe Harley-Davidson kékeré kan, àwọn ará Rọ́ṣíà náà sì fi ṣe Moskva tiwọn. Ní ọdún 1955, ilé iṣẹ́ kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá dúró ní ilẹ̀ Japan wo RT 125 náà, ó sì ṣe alùpùpù àkọ́kọ́ tirẹ̀, YA-1. Yamaha ni orúkọ ilé iṣẹ́ náà. Nítorí náà, ọmọkùnrin tí ó bá jókòó lórí Yamaha ní òpópónà Niamey, tí ó ń fi Bantam Alájì rẹ́rìn-ín, ìbátan ara rẹ̀ ni ó ń fi ṣẹ̀sín.

Ẹ̀rín náà gan-an ni ó sì dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ní ọdún 2020, Odò Ọya kún àkúnya, omi sì wọ ilé àti oko ní Kirkissoye. Omi náà bo Bantam mọ́lẹ̀ dé ibi tí a ń di ọwọ́ mú. Nígbà tí omi fà, a fi alùpùpù náà sí ìgun ilé kan, ó sì wà níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ bí arọ. Mẹkáníìkì kan gbé e jí lẹ́yìn-ọ-rẹyìn, ó ń rìn, ṣùgbọ́n kò ní agbára mọ́. Kò lè gun òkè tí ó wà lẹ́yìn afárá, ní ìhà àárín ìlú, àfi kí Alájì já jíà sílẹ̀ sí èkíní, kí ó sì máa fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀. Ó ní àwọn ọmọdé tí ń gun alùpùpù Ṣáínà a máa kọjá òun lórí afárá bí ẹni ń kọjá igi ọ̀pẹ. Ó pinnu pé títún ẹ́ńjìnnì náà ṣe nìkan kò tó. Ó gbọ́dọ̀ lágbára ju bí ó ti rí lọ́jọ́ tí bàbá òun rà á.

Ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì mìíràn ni ó gbé e lọ. Ọmọ Yorùbá ni ẹni yìí, Niamey ni a sì ti bí i. Yorùbá rẹ̀ dán mọ́rán, ṣùgbọ́n bí inú bá ń bí i, Zarma ní ń kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu. A jókòó tì í fún ọjọ́ púpọ̀ lábẹ́ àtíbàbà rẹ̀ ní Kirkissoye, ohun tí a sì rí níbẹ̀ ni ó mú kí a kọ ìwé yìí.

Kí òǹkàwé lè mọ ohun tí àríyànjiyàn àwọn méjèèjì dá lé, ó yẹ kí ó mọ bí ẹ́ńjìnnì náà ti ń ṣiṣẹ́. Ó jẹ́ irú èyí tí a ń po ọ́ìlì mọ́ epo bẹntiróòlù rẹ̀. Kò ní fáàfù tí ń ṣí tí ń pa dé. Ihò ni a lu sí ara ògiri sìlíńdà, písítìnì fúnra rẹ̀ ni ó sì jẹ́ ilẹ̀kùn fún àwọn ihò náà. Bí písítìnì bá ń gòkè, ó ń fa epo àti afẹ́fẹ́ wọ ilé ìsàlẹ̀ tí kíráǹkì wà. Bí iná bá ṣẹ́, tí písítìnì ń sọ̀ kalẹ̀, ihò èéfín ni ó kọ́kọ́ ṣí, èéfín a sì jáde. Lẹ́yìn náà ni ihò epo ṣí, tí epo tuntun tí a ti fún pọ̀ nísàlẹ̀ a sì rọ́ wọlé sókè. Gbogbo agbára ẹ́ńjìnnì náà wà lọ́wọ́ ohun mẹ́ta: epo tí ó wọlé, bí a ti fún un pọ̀ tó kí iná tó ràn án, àti èéfín tí ó jáde láìfa epo tuntun lọ́wọ́ lọ.

Ohun tí mẹkáníìkì náà kọ́kọ́ ṣe já Alájì kulẹ̀, nítorí kò fi ohunkóhun kún ẹ́ńjìnnì náà. Ó tú u palẹ̀ pátápátá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí agbára àtijọ́ gbà sá lọ. Ọ́ìlì síìlì tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ kíráǹkì ti gan bí awọ gbígbẹ. Nínú ẹ́ńjìnnì irú èyí, àrùn ńlá ni èyí jẹ́, nítorí ilé ìsàlẹ̀ tí ó yẹ kí ó fún epo pọ̀ ti di agbọ̀n. Afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀ wọlé, epo sì ń di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Epo tí ó bá fẹ́lẹ́ a máa jó gbóná ju bí ó ti yẹ lọ, ó sì lè mú kí písítìnì lẹ̀ mọ́ sìlíńdà. Bẹ́ríìnì ti dípẹtà láti ìgbà àgbàrá. Ríǹgì písítìnì ti jẹ tán: ẹnu rẹ̀ méjèèjì tí ó yẹ kí ó jìnnà sí ara wọn ní ìdá márùn-ún mílímítà kan ti là débi pé èékánná wọ ibẹ̀. Erùpẹ̀ odò wà nínú kábúrétọ̀, èédú dúdú sì ti dí ihò èéfín fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdajì. Èédú yìí nìkan tó láti mú ẹṣin kan kú nínú mẹ́rin.

Ibí yìí ni ìṣèlú ti fi ọwọ́ kan ọ̀rọ̀ wa. Alájì ti ṣètò kí ríǹgì àti síìlì ti Ìlú Ọba wá, kí wọ́n sì gba Èkó kọjá. Wọ́n dé Nàìjíríà, wọ́n sì dúró síbẹ̀. Lẹ́yìn ìdìtẹ̀ gbàjọba tí ó ṣẹlẹ̀ ní Niger ní oṣù keje ọdún 2023, ECOWAS fi òfin de orílẹ̀-èdè náà, ẹnubodè Nàìjíríà sì wà ní títì títí di oṣù kẹta ọdún 2024. Àwọn tí ń kó àlùbọ́sà àti màlúù ni ìwé ìròyìn sọ̀rọ̀ wọn nígbà náà, bẹ́ẹ̀ ni ó sì yẹ kí ó rí. Ṣùgbọ́n ríǹgì méjì tí kò wúwo tó ẹyin àparò náà ṣe ẹ̀wọ̀n lọ́dọ̀ ìbátan kan ní Kano.

Nígbà tí wọ́n dé, mẹkáníìkì kan gbogbo rẹ̀ pọ̀ padà, ó sì gbé alùpùpù náà lọ sí orí òkè tí ó wà lẹ́yìn afárá. Ó gùn ún ní jíà kejì. Kò tíì fi nǹkan kan kún un, bẹ́ẹ̀ ni aláìsàn ti dìde. A fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ wa tí ń sáré lọ ra kábúrétọ̀ ńlá fún ẹ́ńjìnnì tí ó ti jẹ tán ka gbólóhùn yìí lẹ́ẹ̀mejì.

Ìgbà yìí ni iṣẹ́ àfikún wá bẹ̀rẹ̀. Orí ẹ́ńjìnnì ni ó kọ́kọ́ mú. Bí BSA ti ṣe D1, a ń fún epo pọ̀ di ìdá kan nínú mẹ́fà àti ààbọ̀ kí iná tó ràn án. Bí a bá fún un pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, agbára rẹ̀ a pọ̀ sí i. Mẹkáníìkì náà mú abẹ́rẹ́ ilé ìwòsàn, ó fi ń da ọ́ìlì sí ihò púlọ́ọ̀gì díẹ̀díẹ̀, ó sì ń kà á, láti mọ bí àyè tí ó kù lókè písítìnì ti tó. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò ti ilé iṣẹ́, ó yẹ kí ó tó bíi 22 cc. Bí a bá gé mílímítà kan kúrò ní ìsàlẹ̀ orí náà, nǹkan bí 2 cc ni yóò dín nínú rẹ̀, ìfúnpọ̀ yóò sì gòkè láti mẹ́fà àti ààbọ̀ sí méje. Alájì ní kí ó gé mẹ́ta. Ó kọ̀. Ó gé ẹyọ kan, ó fi òjé rírọ̀ sí orí písítìnì, ó yí i kọjá lẹ́ẹ̀kan, ó sì wọn bí òjé náà ti tẹ́ tó, kí ó lè dá a lójú pé písítìnì kò ní fi orí gbá orí.

Ìdí tí ó fi kọ̀ ni ooru. Òǹkàwé tí kò bá tíì lo oṣù kẹrin ọdún ní Niamey kò lè mọ ohun tí à ń sọ. Ìgbóná a máa kọjá ìwọ̀n 40 ní ọ̀sán, nígbà mìíràn a sì tó 45. Afẹ́fẹ́ gbígbóná fẹ́lẹ́. Bí a bá fi afẹ́fẹ́ ìwọ̀n 45 wé ti ìwọ̀n 15, irú èyí tí wọ́n ń mí símú ní Birmingham, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ ni ó ti sọnù. Nípa bẹ́ẹ̀, kí a tó fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì náà rárá, ìlú ti gba díẹ̀ nínú agbára rẹ̀. Ohun tí ó burú jù ni pé afẹ́fẹ́ yìí kan náà ni ó yẹ kí ó tu sìlíńdà lára, nítorí Bantam kò ní omi tí ń tù ú. Bí a bá fún epo pọ̀ jù nínú irú ooru bẹ́ẹ̀, apá kan nínú epo náà a máa bú gbàù fúnra rẹ̀ kí iná púlọ́ọ̀gì tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. A máa ń gbọ́ ọ bí ẹni pé a ń da òkúta wẹ́wẹ́ sí inú agolo. Bí ó bá pẹ́ díẹ̀, orí písítìnì a lu.

Nítorí ooru yìí kan náà ni kò ṣe jẹ́ kí a dín epo kù nínú kábúrétọ̀. Afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́ kò nílò epo tó bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó bá ń ṣọ́ owó yóò sì fẹ́ fi ihò epo kékeré sí i. Mẹkáníìkì náà jẹ́ kí epo pọ̀ díẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, nítorí epo tí kò jó tán a máa bá ẹ́ńjìnnì tu ara. Kábúrétọ̀ Amal àtijọ́ náà ti jẹ débi pé ìlẹ̀kùn rẹ̀ ń mì nínú ilé rẹ̀. Ó fi tuntun kékeré kan tí a ṣe ní Ṣáínà rọ́pò rẹ̀, ó sì di ti àtijọ́ sínú aṣọ fún Alájì pé kí ó tọ́jú rẹ̀. Ọ́ìlì tí ó ní kí ó máa pò mọ́ epo ni ìwọ̀n kan sí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.

Ọ̀rọ̀ wá kan ibi tí ó dùn jù, èyíinì ni pàǹpì èéfín. Mẹkáníìkì tí ó gbé alùpùpù náà jí lẹ́yìn àgbàrá ti mú sàlẹ́ńsà Yamaha kan, irú èyí tí ikùn rẹ̀ yọ bí ti aboyún tí ìdí rẹ̀ sì tún sún kì, ó sì ti fi iná jó o mọ́ Bantam. Ariwo rẹ̀ pọ̀, agbára rẹ̀ kò sí. Alájì rò pé ẹni náà yàn án jẹ ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kò mọ ìtàn ohun tí ó mú ni.

Ọkùnrin kan wà ní Zschopau, ní ibi tí RT 125 ti jáde, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Walter Kaaden. Lẹ́yìn ogun, ìlú náà bọ́ sí apá ìlà-oòrùn Jámánì, ilé iṣẹ́ náà sì di MZ. Kaaden ni ó fi hàn gbangba ohun tí ikùn yẹn lè ṣe. Nígbà tí èéfín bá bẹ́ jáde, ìgbì kan a máa sáré bá a lọ nínú pàǹpì. Bí pàǹpì bá ń fẹ̀ sí i, ìgbì náà a rán ìfà padà sí sìlíńdà, ìfà yìí a sì bá epo tuntun wọlé. Bí pàǹpì bá tún sún kì níwájú, ìgbì a fi orí gbá ibẹ̀, a sì padà wá pẹ̀lú agbára, a ti epo tí ó fẹ́ tẹ̀lé èéfín sá lọ padà sínú sìlíńdà kí ilẹ̀kùn tó pa dé. Ìró lásán ni ó ń ṣe iṣẹ́ fáàfù. Ní ọdún 1961, ẹ́ńjìnnì 125 cc tí Kaaden ṣe, tí sìlíńdà rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan bíi ti Bantam, ní agbára ẹṣin 25. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, Ernst Degner tí ń gùn ún nínú ìdíje àgbáyé sá kúrò lọ́dọ̀ wọn ní ilẹ̀ Sweden, ó sì gbé ìmọ̀ náà lọ fún Suzuki ní Japan. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, Degner gba ipò kìíní lágbàáyé lórí Suzuki 50 cc. Láti ìgbà náà ni ikùn Kaaden ti wà lábẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ alùpùpù Japan tí ń jẹ epo alọ́ìlì, títí dé Niamey.

Kí ni ó wá dé tí ikùn náà kò fi ran Bantam lọ́wọ́? Mẹkáníìkì wa fi èédú ṣe ìṣirò rẹ̀ sára ògiri fún wa. Nínú èéfín gbígbóná, ìgbì náà ń sáré ní nǹkan bí mítà 500 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ́ńjìnnì Bantam ń yípo ní ìgbà 5,000 ní ìṣẹ́jú kan nígbà tí agbára rẹ̀ bá pọ̀ jù. Bí a bá gbà pé ihò èéfín wà ní ṣíṣí fún 150 nínú 360 ìwọ̀n ìyípo kan, ìdá márùn-ún nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá ni ìgbì ní láti lọ kí ó sì bọ̀. Àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ nígbà náà jẹ́ mítà méjì àti ààbọ̀. Nítorí náà, pàǹpì gbọ́dọ̀ gùn ju mítà kan lọ dáadáa. Ti Yamaha kúrú púpọ̀, nítorí ẹ́ńjìnnì tí ń yára ni a ṣe é fún. Lára Bantam, ìgbì náà ń padà dé kí a tó fẹ́ ẹ, ó sì ń dí èéfín lọ́nà. Bí ẹni tí ó dé sí ìgbéyàwó nígbà tí wọ́n ṣì ń gbá ilẹ̀ ni.

Ó ra irin pẹlẹbẹ ní ọjà Katako, ó fi páálí gé àpẹẹrẹ rẹ̀, ó sì gbé e fún jórinjórin kan ní àdúgbò. Pàǹpì tí ó jáde gùn débi pé ó ní láti ká a lẹ́ẹ̀kan lábẹ́ ẹ́ńjìnnì kí ó má baà kọjá táyà ẹ̀yìn. Kò lẹ́wà. Àwa, tí a ti rí Bantam tí a tún ṣe mèremère ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lókè òkun, kò lè sọ pé ojú wa gbà á.

Ó ku sìlíńdà. Alájì ti rí i lórí fóònù rẹ̀ pé ẹgbẹ́ kan wà ní Ìlú Ọba tí ń fi Bantam sáré ìdíje títí di òní, ó sì ti rí bí wọ́n ti ń fi fáìlì fẹ ihò èéfín lójú, tí wọ́n ń gbé òkè rẹ̀ ga. Òtítọ́ ni. Bí ihò èéfín bá tètè ṣí, ẹ́ńjìnnì lè yára yípo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, agbára rẹ̀ a sì pọ̀ lókè. Ó ní kí mẹkáníìkì ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni yìí fi aṣọ nu ọwọ́, kò sì dáhùn fún ìgbà díẹ̀.

“Bàbá,” ni ó wí, “orí tí mo gé, a lè wá òmíràn rọ́pò rẹ̀. Pàǹpì yìí, ẹ lè yọ ọ́ lọ́la kí ẹ jù ú nù. Kábúrétọ̀ yín wà nínú aṣọ. Ṣùgbọ́n irin tí fáìlì bá ti jẹ, ta ni yóò pọ̀ ọ́?”

“Ìwọ ọmọ yìí,” ni Alájì dá a lóhùn, “ẹrù ni mo gbé wá bá ọ, n kò ní kí o fi ẹ̀rù gbà á.”

Wọ́n bá ara wọn jà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà débi pé Zarma wọ inú ọ̀rọ̀. Ohun tí ó wà nídìí ìjà náà kò kéré. Sìlíńdà yẹn nìkan ni Alájì ní. A ti gbẹ́ inú rẹ̀ fẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nígbà ayé bàbá rẹ̀, láti mílímítà 52 dé 53, irin tí ó kù kò sì nípọn tó èyí tí a lè máa gbẹ́ láìnáání. Bí ihò èéfín bá ga jù, ẹ́ńjìnnì yóò lágbára nígbà tí ó bá ń sáré, ṣùgbọ́n kò ní ní agbára nísàlẹ̀, níbi tí ẹni tí ó gbé àpò ìrẹsì sẹ́yìn ti ń wá a. Àwọn tí ń sáré ìdíje kò gbé ìrẹsì. Bí ihò náà bá sì fẹ̀ jù, ríǹgì a máa há síbẹ̀, a sì ṣẹ́.

Ní tiwa, ẹ̀yìn mẹkáníìkì ni a wà. A rí ẹ̀rí rẹ̀ lọ́dọ̀ BSA fúnra wọn. Wọ́n fẹ́ kí Bantam lágbára sí i, wọ́n gbé e láti 123 cc lọ sí 148 ní ọdún 1954, wọ́n sì gbé e lọ sí 172 ní ọdún 1958. Ọdún 1968 ni ìfúnpọ̀ rẹ̀ tó dé mẹ́wàá, tí agbára rẹ̀ sì kọjá ẹṣin méjìlá. Ogún ọdún gbáko ni èyí gbà wọ́n, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀rọ Birmingham, wọ́n sì ní láti ṣe sìlíńdà tuntun ní ojú ọ̀nà. Fáìlì kan ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan kò lè ṣe ohun tí wọ́n ṣe. A kò sì dá Alájì lẹ́bi. Ẹni tí ó jogún nǹkan lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ a máa fẹ́ kí ayé rí i pé nǹkan náà kò tíì kú.

Ìyàwó Alájì ni ó parí ìjà náà. Ó gbé omi wá fún wọn, ó sì bi ọkọ rẹ̀ pé bí sìlíńdà bá bàjẹ́, ṣé yóò tún kọ lẹ́tà sí bàbá rẹ̀ ní ọ̀run kí ó ra òmíràn ránṣẹ́. Alájì rẹ́rìn-ín, kò sì fẹ́ rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbà pé kí a fi fáìlì dán etí àwọn ihò náà nìkan, kí ó má baà mú ríǹgì, kí a má sì gbé òkè ihò èéfín ga rárá. Mẹkáníìkì ní bí a bá rí sìlíńdà kejì rà, òun yóò fẹ ti ìyẹn lójú, kí a máa pààrọ̀ wọn bí ẹni pààrọ̀ bàtà.

Ó tún awọ bíréèkì ṣe kí ó tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gun alùpùpù náà. Bíréèkì D1 kéré, ẹsẹ̀ bàtà ènìyàn sì ni ó ń ràn án lọ́wọ́ nígbà púpọ̀.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Sunday ni wọ́n dán an wò, lẹ́yìn náà ni wọ́n tún dán an wò ní ọ̀sán gangan, nítorí mẹkáníìkì náà ní ẹ́ńjìnnì tí ó ṣe dáadáa ní òwúrọ̀ kò tíì jẹ́rìí sí nǹkan kan ní Niamey. Àpò ìrẹsì kan tí ó jẹ́ kílò 25 wà lẹ́yìn. Àwa wà lórí alùpùpù mìíràn lẹ́yìn wọn. Wọ́n kọjá afárá, wọ́n dé ẹsẹ̀ òkè, a sì ń retí kí Alájì já jíà sílẹ̀. Kò já a. Jíà kẹta ni ó fi gun òkè náà dé òpin, ariwo pàǹpì gígùn náà kò sì ga. Ó ń dún bí ìlù àgbà, lábẹ́lẹ̀.

Bí wọ́n ti dé òkè, mẹkáníìkì pa ẹ́ńjìnnì náà lójijì, ó sì yọ púlọ́ọ̀gì kí ó tó tutù. Bí ẹnu rẹ̀ bá funfun bí ẹfun, ooru ti pọ̀ jù, epo kò tó. Bí ó bá dúdú bí ìdí ìkòkò, epo ti pọ̀ jù. A yí i ká láti wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tuntun. Ó ní àwọ̀ obì gbígbẹ. Mẹkáníìkì dá a padà síbi tí ó ti yọ ọ́, kò sọ̀rọ̀.

Ní àbọ̀, ọmọ kan lórí alùpùpù Ṣáínà tún kọjá Alájì lórí afárá. Ó bojú wẹ̀yìn, kò sì rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Pàǹpì tí ó ká lábẹ́ ẹ́ńjìnnì ni ó ń wò. Nígbà tí a dé Kirkissoye, Alájì san owó iṣẹ́, ó sì béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i bóyá mílímítà kan péré kò ní ba ihò èéfín náà jẹ́. Mẹkáníìkì ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó fún un ní bébà kékeré kan tí ó fi wé nǹkan kan: ihò epo kábúrétọ̀ ni, èyí tí ó fẹ̀ ju ti inú rẹ̀ lọ díẹ̀. Ó ní kí ó gbé alùpùpù náà padà wá nígbà tí ọyẹ́ bá dé, ní oṣù kejìlá, nítorí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ nípọn ní òwúrọ̀, epo tí ó tó ẹ́ńjìnnì nísinsin yìí kò ní tó o mọ́ nígbà náà.